Ọgbọ̀n Kókó Lára Aṣọ

Josiah kò ṣàìsàn ọjọ́ kan. Ó ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Owódé ni, ó ṣubú, ẹnu rẹ̀ wọ́, kí wọ́n tó rí ọ̀kadà gbé e, ó ti kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, apá òsì Ọbáfẹ́mi, àbúrò rẹ̀, rọ. Gbogbo Aké, àdúgbò wọn, ní ó ti tán, àjẹ́ ti wọ ilé wọn.

Ta ni wọn ì bá tún nàka sí? Bàṣírátù ni, ìyàwó kékeré bàbá wọn, aláró tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgunpá. Kò bímọ. Wọ́n ní òwìwí ń bà lórí òrùlé rẹ̀. Ẹ ò rí ayé!

Nígbà tí Ọbáfẹ́mi tún ń rìn, Olúkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó lọ jẹ́rìí, ó sì da oògùn ilé ìwòsàn rẹ̀ sí ṣalángá. "Ẹni tí Ọlọ́run ti wò sàn, kí ló tún ń gbé oògùn mì fún?"

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni Ọbáfẹ́mi ń yà lọ́dọ̀ Bàṣírátù kó tó lọ síbi iṣẹ́. Olúkẹ́mi fura. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó já wọ yàrá ìyá náà, ó bá aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ìko dì ní kókó kókó, bí èyí tí wọ́n fẹ́ rẹ láró. Ọgbọ̀n ni kókó náà. Mọ́kànlá ti tú, nǹkan kékeré sì le nínú ìyókù.

"Yéè! Ẹ̀mí ọkọ mi lẹ dì síbí!"

"Ìyàwó mi, gbé e sílẹ̀. Bi ọkọ rẹ."

"Kí n bi í ní kí ni? Àjẹ́ burúkú!" Ó da kẹrosíìnì sí aṣọ náà, ó dáná sun ún.

Ọbáfẹ́mi gbọ́, ó dákẹ́. Ojú ń tì í: ẹnu tó fi jẹ́rìí, báwo ló ṣe máa fi sọ pé òun ṣì ń gbé oògùn mì? Ó ní kí ariwo rọlẹ̀ ná kí òun tó lọ gba oògùn mìíràn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ẹnu rẹ̀ wọ́.

Adéṣọlá, àbúrò rẹ̀, ò bèèrè nǹkan kan. Ó fa ọmọ odó yọ. "O pa Josiah, o tún fẹ́ pa eléyìí!" Ó là á mọ́ Bàṣírátù lápá, egungun dá. Ó là á mọ́ ọn lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Olúkẹ́mi fi ẹsẹ̀ gbá a níkùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mọ́ ọn. Àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ló já ìyá náà gbà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan náà tí wọ́n gbé Ọbáfẹ́mi lọ.

"Oògùn wo ló ń lò?" Ràhámátù, nọ́ọ̀sì, bi Olúkẹ́mi.

"Kò lo nǹkan kan."

"Ó ń lò ó." Bàṣírátù ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì. "Méjì lójúmọ́: ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ẹ̀jẹ̀ Josiah náà ń ru, kò sì lo oògùn tiẹ̀, ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn. Ọbáfẹ́mi lọ gba òmíràn, ó ní kí n bá òun fi pamọ́. Mi ò mọ̀wé, ni mo ṣe dì í sáṣọ bí mo ṣe ń di òkúta wẹ́wẹ́ fún aró. Kókó kan, ọjọ́ kan. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù, ìyàwó mi."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí Olúkẹ́mi. "Ta ló gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀? Òun ló ń dènà rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì!"

Dókítà jáde, ó mi orí. Ọbáfẹ́mi ti kú.

Ariwo ta níta. Adéṣọlá ti kó àwọn ọ̀dọ́ dé, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ọmọ odó. "Níbo ni àjẹ́ tó pa ẹ̀gbọ́n mi wà?"

Olúkẹ́mi lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dí i.

"Èmi nìyí, Bọ̀dá Adéṣọlá. Èmi ni mo pa á."