Ta Ló Ń Pa Káfíńtà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi tó ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó rí ohun tó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó pamọ́ sínú ọkàn.

Káfíńtà ń kú lọ ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó ń bì, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú èébì náà. Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ fi kíndìnrín kan ta á lọ́rẹ. Ara ti ń yá tẹ́lẹ̀.

Awakọ̀ náà ló lọ pe ọlọ́pàá. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló ń fi májèlé sí oúnjẹ.

Ọ̀gá Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, nítorí kì í kánjú. Ṣùgbọ́n dókítà obìnrin náà kò fún un láyè.

"Ọ̀gá, ìtọ́jú májèlé yàtọ̀, ti àìsàn yàtọ̀. Bí mo bá ṣì í, ó parí. Èsì àyẹ̀wò ò sì tíì dé. Àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ bá mi wádìí ohun tó gbé mì."

Ọ̀gá Farabalẹ̀ bá ìyàwó Káfíńtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ dúró tì í bí wọ́dà.

"Ìyàwó, kí lẹ sè fún un?"

"Ìkòkò kan náà la jọ ń jẹ, ọ̀gá. Ọkọ mi kékeré yìí gan-an ló máa ń fi ìka fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Awakọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ebi ò mọ ọ̀tá," ó kùn.

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń tò ó sínú àpótí oògùn, ihò kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láàárọ̀. Màmá ló ń fún un."

Ọ̀gá Farabalẹ̀ lọ bá Ìyá Káfíńtà, aránṣọ, nílé, níbi tó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Kò rán nǹkan kan. Àpótí oògùn wà lórí tábìlì, ihò gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n tó gbé Káfíńtà lọ ti ṣófo bó ṣe yẹ.

Ọ̀gá Farabalẹ̀ na ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Màmá, bọ́tìnnì mi já. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá ọ̀kan."

"Bọ́tìnnì ti tán, ọmọ mi."

Màmá fi ẹsẹ̀ ti agolo kan sábẹ́ àga. Agolo náà dún wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà kò gbójú kúrò lára agolo.

"Màmá, ọmọ yín ń kú lọ. Wọ́n sì fẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé. Kí ló wà nínú agolo yẹn?"

Ìyá náà fa agolo jáde, ó ṣí i. Àárín bọ́tìnnì dúdú àti funfun ni oògùn aláwọ̀ píńkì kún sí.

"Oògùn ti pọ̀ jù fún un. Mo ní kíndìnrín ti dúró, Olúwa ti ṣe é. Èyí ló tóbi jù, ni mo ṣe ń yọ ọ́, kí inú ọmọ mi lè sinmi. N kò lè da oògùn nù, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú mi."

"Ẹ sì dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kan ìyàwó?"

"Ẹ̀rù bà mí." Ó bú sẹ́kún.

Ọ̀gá Farabalẹ̀ pe dókítà lórí fóònù, ó ṣàlàyé oògùn tí Màmá ń yọ fún un. Dókítà mí kanlẹ̀.

"A ti mú ọ̀daràn. Kòkòrò àìfojúrí kan ni. Àìmọye ènìyàn ló ti kó o láti kékeré láìmọ̀. Kì í lọ mọ́. Ó kàn ń sùn nínú ara, àwọn ọmọ ogun ara ń ṣọ́ ọ. Ó wà lára Awakọ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Inú kíndìnrín ló fara pamọ́ sí dé ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò kó o rí. Oògùn tí kò jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín ti so àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí Màmá ń yọ ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kòkòrò náà jí, ó sì ń dín àwọn ọmọ ogun tó kù kù."

Dókítà gún Káfíńtà lábẹ́rẹ́ tó bá àìsàn náà mu. Nígbà tó yá, ibà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, Káfíńtà sì la ojú, ó béèrè omi.

"Ṣé èmi ni mo gbé e wá?" Awakọ̀ béèrè nígbà tí Ọ̀gá Farabalẹ̀ àti Màmá dé ilé ìwòsàn.

"Ìfẹ́ lo fi gbé e wá," ni Ọ̀gá Farabalẹ̀ wí. "Ìfẹ́ náà ni Màmá fi ṣílẹ̀kùn fún un."

Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," ni ìyàwó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ọṣẹ lẹ ó máa fi fọ ìkòkò yẹn."

Màmá kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ ọmọ, ó bẹ ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló fa abẹ́rẹ́ yọ, ó sì rán bọ́tìnnì mọ́ ọwọ́ ẹ̀wù ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rán an. Ọ̀gá Farabalẹ̀ kò kánjú.

Ìwọ tó kà á dópin, ohun búburú tó ń sùn nínú ara rẹ kò ní jí. Olùṣọ́ tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ọ, tilé tilé. Àmín.