Ìgò Mẹ́ta, Ojú Omi Kan

Ìgò mẹ́ta ló wà nínú àpò ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin ìyá aránṣọ tó fẹ̀yìn ti afárá ni ọkàn rẹ̀ wà.

"Arẹwà, ṣé ẹrẹ̀ lo fẹ́ fi bàtà funfun yẹn tẹ̀?" ni ọmọkùnrin náà wí.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti sọ ọ́ yé e: ìgò kan lókè odò, ìkan níbi ìfọṣọ, ìkan lẹ́yìn àwọn ilé ìgbẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kòkòrò inú ìgbẹ́ ti wọ omi tí àdúgbò ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọkùnrin náà ti yọ́ ọ bí òrí inú oòrùn. Abẹ́ afárá, níbi tí omi ti mọ́ lóló, ló ti bu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kọ orúkọ ibi mẹ́ta sí wọn lára.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ gbé àwọn ìgò náà sókè. "Bí ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, oògùn tí mo dà sí omi yìí lánàá ì bá ti sọ ọ́ di dúdú. Ẹ wò ó, ó mọ́." Wọ́n lẹ ìwé mọ́ igi etí odò pé omi náà dára fún mímu.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọbìnrin náà bá ọmọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àbúrò mi ń yàgbẹ́ gbuuru. Màámi ti gbé e lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kò lè jẹ́ omi, torí ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí ẹ ti lẹ ìwé yẹn ni a ò ti se omi mọ́."

Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ojú kan ni mo ti bu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwọ ni mò ń wò."

Ọmọkùnrin náà kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Dìde," ó ní, kò wojú rẹ̀. "Lọ sọ fún dókítà."

Lẹ́yìn náà, olùkọ́ já ìwé etí odò. "Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń romú. Ìwọ ni wàá lọ sọ ọ́, láti ilé dé ilé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa se omi yín. Èmi ni mo purọ́." Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ilé ìyá aránṣọ ló kẹ́yìn. Àbúrò ọmọkùnrin náà ti ń jókòó, ó rù kan eegun. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, kò bú u. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin náà dúró níta pẹ́. Ó yé e wàyí pé ẹ̀bẹ̀ kì í fọ omi mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé lé ọ lọ́wọ́, ṣe é bí ẹni pé ẹ̀mí ẹnìkan wà nínú rẹ̀, torí ó lè wà níbẹ̀.