Ìwé Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Sábẹ́ Àgékù Aṣọ

Òjò ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ ń jò, ojú ibi tó ń jò gan-an ni ọmọ rẹ̀ obìnrin sì gbé ìwé báyọ́lọ́jì tó yá ní láíbìrì iléèwé wọn sí. Kí wọ́n tó mọ̀, ìwé ti mu omi yó.

"Má sunkún," ni ìyá wí. "Kí ni áyọ́ọ̀nù wà fún?"

Ẹni tó ti fi ogún ọdún lọ aṣọ kò rò pé ti ìwé lè ṣòro. Ó tẹ́ àkísà lé e, ó lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé mẹ́ta jó di dúdú.

"Màmá, wọ́n máa lé mi níléèwé!"

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn?" Ìyá gba ìwé, ó tì í bọ ìsàlẹ̀ àpò àgékù aṣọ. "Má dé láíbìrì yẹn mọ́. Wọ́n á gbàgbé."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin òbí. Ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é. Àmọ́ láíbìrì yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde ti ń jọ yanjú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, orí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ara ilẹ̀kùn ibẹ̀ ni wọ́n lẹ ìkéde ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí fi ń gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá, kó má baà rí ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin tó ń tọ́jú láíbìrì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Àǹtí Oníwèé, wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó rìnrìn àjò." Bí ìyá ṣe ń sọ ọ́, ó ń fẹsẹ̀ ti àpò àgékù aṣọ sẹ́yìn máṣíìnì.

"Ìrìn àjò kẹ̀? Mo rí i láàárọ̀ yìí. Bó ṣe tajú kán rí mi, ó ki eré mọ́lẹ̀. Màmá, mi ò wá nítorí ìwé. Orúkọ ọmọ yín ò sí lára àwọn tó máa ṣèdánwò. Aago mẹ́rin ọ̀la ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀."

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó da àgékù aṣọ inú àpò sílẹ̀, ó gbé ìwé jáde tẹkún-tẹkún.

"Èmi ni mo jó o, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ ọmọ mi."

Àǹtí Oníwèé ṣí ìwé náà wò. Kò bínú.

"Tí wọ́n bá gbé ṣòkòtò tó ya wá fún yín, ṣé ẹ máa ń lé oníṣòkòtò?"

"Rárá o."

"Àwa náà kì í lé ẹnikẹ́ni. A ní gọ́ọ̀mù, a ní abẹ́rẹ́ àti òwú. A máa da ojú ìwé mẹ́ta yìí kọ látinú èkejì rẹ̀, a ó rán an mọ́ ọn." Ó pa ìwé náà dé. "Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan fi ìwé pamọ́ báyìí. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ló kàn ya. Mi ò tètè wá a lọ sílé, ìdánwò fi kọjá lórí ẹ̀. A ti tún ìwé yẹn ṣe, ó wà lórí pẹpẹ. Ọmọ náà ò padà wá."

Ìyá yọ tépù kúrò lọ́rùn, ó ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì sì forí lé iléèwé. Kí àwọn ọmọ tó jáde lọ́jọ́ náà, orúkọ ọmọ rẹ̀ ti wọlé.

Ní báyìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan ni ìyá aránṣọ ń lọ bá wọn rán ìwé tó ya ní láíbìrì. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni wọn ò jẹ́ kó mú dání.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, bí ìwé láíbìrì bá rin, tó ya, tó jó tàbí tó sọnù, ẹ lọ sọ ọ́ kíá. Èyí tó bá rin, ẹ ṣí i síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má fi iná kàn án. Ẹ má sì torí ìwé kan sá fún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá sì mọ ọmọbìnrin ọdún tó kọjá yẹn, ẹ bá wa sọ fún un pé àga rẹ̀ ní láíbìrì ṣì wà nílẹ̀.