Fòfò Kò Gbààwẹ̀

"Màmá Àgbà, ẹ wá wò ó, ó ti mú eṣinṣin!"

Díẹ̀ ló kù kí ìgò bọ́ lọ́wọ́ mi. Aláǹtakùn kékeré tí mo rí lójú fèrèsé wa ní Òwu ni mo fi sínú rẹ̀. Kì í tawọ̀n dúró de ẹran bíi tàwọn yòókù, fífò ló fi ń ṣọdẹ, ni mo bá sọ ọ́ ní Fòfò. Bí mo bá na ìka sí i, á yíjú, á tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ bèèrè orúkọ mi.

Màámi ní kí n lọ dà á nù. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló gbà mí sílẹ̀. "Ta ní máa pa aláǹtakùn nínú ilé yìí? Ṣé òun kọ́ ló tawọ̀n bo ẹnu ihò tí Ànábì sá sí nígbà tí àwọn ọ̀tá ń lé wọn ni? Ẹ fi sílẹ̀ fọ́mọ."

Nígbà tí Ràmàdáánì wọlé, Fòfò ò jẹun mọ́. Ó hun àpò funfun kan sábẹ́ ìdérí ìgò, ó wọnú rẹ̀. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé aláǹtakùn mi ń gbààwẹ̀, pé mo máa gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Bí a bá ti fẹ́ ṣínu, èmi náà á ju eṣinṣin sí i. Kò mira.

Lọ́jọ́ Àìkú, Abdulkabir, ọmọ kíláàsì wa tílé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, yọjú sínú ìgò. "Ummu, eléyìí ti kú. Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la o. Ya àpò yẹn ká rí i."

Ìtìjú ọ̀la ò jẹ́ kí n ronú. Mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi ya àpò náà létí. Fòfò wà láàyè. Ó funfun báláú, ó ń fa ara rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ nínú awọ àtijọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo fa ọwọ́ yọ kíákíá, ìgbálẹ̀ sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Ẹkún ni mo sun dé ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà. Wọ́n wò ó títí. "Ààwẹ̀ kọ́ ló ń gbà. Aṣọ ló ń pààrọ̀, ìwọ wá já wọ yàrá mọ́ ọn lára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ummu. Gbé e sójú kan, má fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo fi ìgò sílé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilé-ìwé fi jáde. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Fòfò jáde. Ó ti tóbi sí i, ara rẹ̀ ń dán, ó fò mọ́ eṣinṣin lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì jó yí ilé ká. Ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ ni mo tó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Méje ni, dípò mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e dé kíláàsì. Ó fò láti ọwọ́ mi sí apá Abdulkabir, gbogbo wọn hó yèè. Miriam, tó jókòó níwájú mi, wá bèèrè ohun tó gé e lẹ́sẹ̀. Mo lè purọ́ pé bí mo ṣe rí i nìyẹn.

"Èmi ni," mo dáhùn. "Awọ ló ń pààrọ̀ nígbà náà, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kó jáde fúnra rẹ̀, mi ò lè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ sin tiẹ̀ nínú yín, kó kọ́kọ́ kọ́ sùúrù."