Àwo Ọbẹ̀ Ìyá Ibiso

Igbe ni Dawari fi kọ́kọ́ mọ Ibiso. Ó ń yọ́ òjé lábẹ́ ahéré rẹ̀ ní èbúté nígbà tí ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ń ṣépè fún olè. Agbọ̀n ìṣáwùrú tí obìnrin náà rì sómi, kí wọ́n má baà kú kí ọjọ́ ọjà tó pé, ti ṣófo.

"Ìwọ tó o jókòó síbí bí ère, o ò rí ẹni tó kó ìṣáwùrú mi?"

"Mo rí i. Ó ga, ó dúdú, ó sì jọ ẹ́ gan-an."

Ibiso fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"So agbọ̀n ẹ mọ́ òpó ahéré mi tó wà nínú omi," ni Dawari wí. "Olè kankan ò ní débí."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ Dawari ni kí ó máa fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, kí ó yọ́ òjé inú rẹ̀ fún àwọn apẹja tí ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kí ó lè rì. Omi kíkan àti èérí bátìrì, odò ló ń dà á sí. Bàbá rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ibiso kò fẹ́ràn rẹ̀. "Ọkùnrin tí aṣọ ẹ̀ ń rùn èéfín yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"N óò máa bá a fọ aṣọ, Mama."

Nígbà tó yá, ọkàn ìyá rọ̀. Ó ní kí Dawari wá jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú oúnjẹ náà ni obìnrin kan tó wá láti Pọ́takọ́ọ̀tù wá yẹ omi odò wò pe Dawari sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìṣáwùrú ìdí òpó yín ló burú jù. Gbogbo ìlú ń pariwo ilé-iṣẹ́ epo, epo sì wà lódò lóòótọ́. Àmọ́ òjé yìí, abẹ́ ahéré yín ló ti wá. Tó bá wọ ara èèyàn, kì í tètè jáde. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, kó jáwọ́."

Dawari pa iná rẹ̀. Ó pinnu láti sọ ọ́ fún Ibiso àti ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá gbé onunu, iṣu tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ epo pupa, àti ọbẹ̀ ìṣáwùrú inú agbọ̀n Ibiso kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, jẹun." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Dawari lẹ́nu mọ́. Ó ń wo ìyá bó ṣe ń fa ìṣáwùrú mu lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń yìn ín pé ó sanra. Dawari fa àwo ọbẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ kí ó lè tán, kí ìyá má baà rí i jẹ mọ́.

"Ẹ wo alájẹkì!" Ibiso rẹ́rìn-ín. "Ṣé ebi ni wọ́n fi tọ́ ẹ ni?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dawari gé okùn agbọ̀n, ó da gbogbo ìṣáwùrú náà sínú ibú. Ibiso bá a níbẹ̀.

"Dawari, kí ni mo ṣe ẹ́?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí n tó wá jẹun."

"O mọ̀, o sì ń wo Mama?"

Ẹ̀bi náà wúwo lọ́rùn Dawari.

"Lọ sọ fún un fúnra ẹ."

Dawari lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìyá.

"Ohun tó jẹ́ kó o máa jẹun bí ẹni tí ìyàn mú nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Òmùgọ̀! Ẹnu tó o fi ń gbé e mì, o ò lè fi sọ̀rọ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá jẹ́wọ́, n ò ní lé e. Dìde. Ẹ lọ fẹ́ra yín."

"Rárá, Mama." Ibiso ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Òjé yẹn, Dawari, o ò mọ̀ nígbà tó ò ń dà á sódò. Mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ, n ò ní purọ́. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ, ìgbàkígbà tó o bá ti dákẹ́ nídìí oúnjẹ, màá dá ọwọ́ tèmi dúró, màá máa wo ojú ẹ."

Dawari dákẹ́.

Ibiso ń wo ojú rẹ̀.