Ìyàwó Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Dún Mọ́

Ní àárọ̀ tí ìyàwó Káfíńtà ti ìrìn àjò dé, sálúbàtà rẹ̀ kò dún.

Káfíńtà jókòó nínú pálọ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹnu tí òun yóò fi sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Àfi bí ọwọ́ kan ṣe bà á léjìká. Ó yíjú, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó dúró tẹ̀rín-tẹ̀rín, tòun ti báàgì. Sálúbàtà tó máa ń gbá sìmẹ́ǹtì pá, pá, pá, tí gbogbo ilé fi ń mọ̀ pé ìyá ń bọ̀, ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dún. Ilẹ̀kùn tó máa ń ké bí ọmọ ológbò náà kò ké.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ pè é. Ara ẹ̀gbọ́n yìí ni kò yá tí ìyàwó fi lọ kí i. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ayùn oníná ni, etí rẹ̀ ṣì ń hó. Ohùn obìnrin náà tínrín lórí fóònù, ó ń já, ó ń so. Ohun tí Káfíńtà rí mú níbẹ̀ kò ju èyí lọ: "…ti kú. Kò lè wá mọ́." Bí fóònù ṣe já nìyẹn. Ó pè é padà títí, kò wọlé. Láti ìgbà náà ló ti jókòó sórí àga yẹn, kò jẹ, kò mu.

Nísinsìnyí òkú náà dúró níwájú rẹ̀, ó ń tú ìborí.

Ẹni tí àgbà bá tọ́ dàgbà ti gbọ́ nípa àkúdàáyà: ẹni tó kú tán tó tún ń bá ayé rẹ̀ lọ, tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń ná ọjà. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń lé e lọ bí kí ẹni tó mọ̀ nípa ikú rẹ̀ sọ ọ́ létí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, àga á ṣófo. Káfíńtà wo ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ẹnu náà ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ròyìn ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ní sí i ju ẹ̀rù lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ìyá wọn, káàbọ̀," ló wí, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀ nìyẹn, alààyè pẹ̀lú òkú.

Nǹkan kéékèèké ló ń sọ ọ́ fún un lójoojúmọ́. Kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi kò súfèé mọ́ tí obìnrin náà bá gbé e kaná. Ooru á kàn máa rú jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ẹyẹ inú igi tó wà lẹ́yìn ilé ń la ẹnu, orin kò jáde. Tí ọkùnrin náà bá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, ìyàwó á fi ọwọ́ bo etí. Káfíńtà á mi orí: òkú kì í kúkú fẹ́ ariwo. Ó ṣọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ bóyá oúnjẹ á dín. Oúnjẹ dín, àní ó dín dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kò wá sí i lọ́kàn láti fura sí etí ara rẹ̀. Etí tó ń gbọ́ tirela ní òpópónà, tó ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń dúnàádúrà bẹ́ẹ̀dì, kí ló ṣe é? Àwọn èèyàn ìsinsìnyí ni kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ." Kó tó wá ọkọ̀ dé, Káfíńtà ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó tilẹ̀ ti to pákó rẹ̀ jọ. Ìjà yẹn kì í ṣe kékeré.

Síbẹ̀, ilé náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ikú dá ìyàwó padà fún kì í bá a jà nítorí iyọ̀. Ó ń tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ó ń pọn omi fún un. Obìnrin náà pàápàá kò ṣàròyé mọ́. Á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jókòó tì í, á máa wò ó. Kìkì àlejò ni Káfíńtà kò fẹ́ mọ́. Kò lọ síbi ìpàdé, kò jẹ́ kí aládùúgbò jókòó pẹ́, kí ẹnì kan má baà ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n a kì í lé ọmọ ẹni. Ọmọbìnrin wọn, tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, wá kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Bàbá mi, iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ilé wà o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni."

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá wo ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń ṣọ́ ojú bàbá, bí ó ṣe ń lọ kiri ẹnu àwọn èèyàn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dìde, ó yán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jẹ́ n máa lọ o. Ilẹ̀ ti ṣú."

Àga Káfíńtà ṣubú lulẹ̀. Ó fò dìde, ó fi ọwọ́ kan dí ọmọ lẹ́nu, ó fi ìkejì gbá ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Má sọ ọ́! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ ọ́ létí rẹ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀!"

Ó di ojú, ó ń retí kí ọwọ́ tó dì mú di atẹ́gùn. Ọwọ́ náà kò lọ.

Ọmọ rọra yọ ẹnu. "Kí ni mo sọ, Bàbá mi?"

"O ní… o ní ó ti kú."

Ọmọ mú ojú rẹ̀ wá síwájú ojú bàbá. "Ṣú. Ilẹ̀ ló ṣú." Ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ nǹkan, bàbá ń wò ó, ó ń retí kó sọ̀rọ̀. Ọmọ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó pè é. Bàbá kò mira. Ó padà wá síwájú, omi ti lé sí i lójú. "Etí yín ni. Mo ní ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi. Iwájú ni mo ń gbé wọn jókòó sí."

Dókítà wò ó, ó ní ayùn oníná ti ń rẹ́ etí náà láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ìró tínrín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Orin ọ̀rọ̀ ṣì ń dé etí, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pé, ṣùgbọ́n eyín ọ̀rọ̀, àwọn ìró bíi ṣ, ti ká. Bí ṣú ṣe ń di kú nìyẹn, tí ṣọ́ ń di fọ́; ilẹ̀ tó ṣú ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń sọ lórí fóònù. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ran há a létí. Nígbà tí wọ́n délé, pá, pá, pá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà jókòó, ó sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. 

"Baba wọn, ọjọ́ tí mo dé yẹn, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pè yín. Mo pè, mo pè, ẹ ò jẹ́. Nígbà tí ẹ wá yíjú, ẹ wò mí bí ẹni tó ń dágbére. Wọ́n ní òkú kì í jẹ́ ìpè. Mo ní, há à, Baba wọn ti kú kí n tó dé."

"Ìwọ náà? Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí."

"Kí ló dé tí o kò sá?"

"Òkú tó ń sáré ti ibi iṣẹ́ dé kó lè bá mi jẹun? Kí n sá fún un lọ bá alààyè wo?"

Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé ó ti wá dá ọ lójú báyìí pé mo wà láàyè?"

"Mi ò bèèrè," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà, ẹ má bèèrè tèmi."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete, kò sì bèèrè.