Ẹni Tó Di Àwọ̀n Náà Mú

Àwọn ẹyẹ òkun ò ké láàárọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

Àwa mẹ́ta la wà létíkun: èmi, Bọ̀dá Wukun tó jẹ́ olórí àwa ẹ̀ṣọ́ etíkun, àti Callum, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé láti bá wa ṣiṣẹ́. Òkun ti gbé àwọ̀n ńlá kan jáde, irú èyí tí ọkọ̀ apẹja ọ̀nà jíjìn máa ń já dànù, tí á wá máa pa ìjàpá òkun kiri. Ìdajì rẹ̀ ti rì sínú iyanrìn, ìdajì wà nínú omi.

A gé e títí. Ibi tá a bá gé, tá a bá padà wò ó, ó ti so pọ̀.

"Ṣé ọ̀bẹ yín ti kú ni?" Callum ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

"Wá gé e ká rí ọ, alágbára!" Bọ̀dá Wukun dá a lóhùn.

Callum wọ inú omi. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pariwo pé nǹkan ń fa òun lọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọ̀n náà wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fún un pinpin. Omi ń kún bọ̀, àwọn ọ̀nì tó máa ń wọ òkun níbẹ̀ kò sì jìnnà. A fa Callum, kò wá. A gé àwọ̀n, kò já. Omi dé àyà rẹ̀.

"Bọ̀dá, ta ló kí ilẹ̀ nígbà tá a dé?"

"Ṣebí ìwọ ni?"

"Mo rò pé ẹ̀yin ni!"

Màmá Gayili, àgbà obìnrin ìlú wa, ló máa ń kí ilẹ̀ fún wa. Wọn á pe àwọn àgbà tó ti lọ, wọn á sọ ọmọ ẹni tá a jẹ́, kí ilẹ̀ àti òkun má bàa kà wá sí àjèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n wà nílé ìwòsàn láti àná, ẹsẹ̀ ò gbé wọn. Èmi ò kí ilẹ̀ rí. Mo ti ọwọ́ bọ abíyá, mo fi òógùn mi pa Callum lójú àti láyà, kí ilẹ̀ lè gbọ́ òórùn wa lára rẹ̀. Mo kígbe:

"Ẹ̀yin àgbà, àwa ọmọ yín ni! Tiwa lèyí. Ẹ má bínú, a gbàgbé ni!"

Omi dákẹ́. Àwọ̀n náà dẹ̀ wọ̀ọ̀, Callum sì yọ ẹsẹ̀. Ìjàpá òkun kan yọ tẹ̀ lé e, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ. Àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bọ̀dá Wukun jókòó sínú iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn la gbà lọ, ká lè ròyìn fún Màmá. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀. Màmá na ọwọ́ sí mi kí n tó lanu. Àpá okùn tó pọ́n ti là kọjá àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì, iyanrìn tútù sì wà láàárín ìka wọn.

"O pẹ́ kó o tó pè, ọmọ mi," wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òkun fẹ́ gbé ọmọ yẹn lọ, mo fi àwọ̀n dì í mú, ẹ̀yin náà tún wá ń gé e. Bá mi wá ìpara sí i."